Ta Ló Yẹ Kó Fọ Ọpọ́n Ìwẹ̀?

Àwa tí à ń gbé ní Ìlọrin mọ̀ pé irin wà nínú orúkọ ìlú wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òkúta kan wà tí ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó fi ń lọ irin rẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi òkúta náà hàn ní agboolé Bándélé, ní Ìdí-Àpẹ́. Ìlọ-irin ló di Ìlọrin. Bí àdá bá kú, òkúta la fi ń lọ ọ́, ojú rẹ̀ á sì mú. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún wa láti gbà pé bí a bá ṣe fi agbára ha irin tó ló ṣe ń dára tó. Àmọ́ irin kan wà tí kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀: ọpọ́n ìwẹ̀ onírin, irú èyí tí a ṣì ń bá nínú balùwẹ̀ àwọn ilé àtijọ́, tó lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ.

Ọpọ́n yìí kì í ṣe irin lásán. Nígbà tí irin náà bá gbóná janjan ni wọ́n ń ku ìyẹ̀fun gíláàsì sí i lára. Gíláàsì á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìtàn ilé-iṣẹ́ Kohler sọ pé bẹ́ẹ̀ ni John Michael Kohler ṣe ní 1883, ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà: ọpọ́n tó wà fún ẹran ọ̀sìn ló sọ di ọpọ́n ìwẹ̀. Ara funfun tó ń dán yẹn àti abọ́ tánńganran, ọmọ ìyá ni wọ́n. Aṣọ irin ni. Bí aṣọ náà bá ya, omi á kan irin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá ń ya aṣọ náà? Ká sòótọ́, ìdọ̀tí kọ́. Ohun tí a fi ń lé ìdọ̀tí tó ti pẹ́ ni. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ọṣẹ àti ọ̀rá ara ṣì rọ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àkísà rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ ṣàn án, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún, ó parí. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á ti gan. Nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ wa tún ń tọ́jú omi sínú ọpọ́n, omi kànga tó ní irin nínú á sì fi ilà pupa sílẹ̀. Ìgbà yẹn la óò wá kànìnkànìn onírin, iyanrìn àti ásíìdì kiri. Wọ́n á kó ìdọ̀tí lóòótọ́, wọ́n á sì jẹ gíláàsì. Ara tó bá ti rí hàràhàrà ń di ìdọ̀tí mú ju ti àná lọ, la bá tún fi agbára kún agbára. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyí. Ta ló ń fi agbára yẹn ha á? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kì í ṣe ẹni tó wẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí àbúrò tó wá gbé lọ́dọ̀ wa kó lè lọ síléèwé. A ó gbé ike ásíìdì lé e lọ́wọ́ láìsí ìbọ̀wọ́, nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí kò bá tètè mọ́, á da hypo mọ́ ásíìdì, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé gáàsì chlorine ló ń jáde níbẹ̀, gáàsì kan náà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní oṣù kẹrin 1915. Ọmọ á máa wúkọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n. Àwa á yọjú, a ó ní, "O ṣeun, ó ti mọ́."

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí owó ni mo ń san fún un?" Ó dáa. Owó iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ìmẹ́lẹ́ wa dá sílẹ̀ ńkọ́? Owó oṣù wo ló tó ra ẹ̀dọ̀fóró? Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ilé ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, a ò sì sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́ nídìí ìdọ̀tí àgbà tó ti gan ni pé ẹni tó bá dàgbà kì í ṣe ìmọ́tótó mọ́, ó ń pàṣẹ rẹ̀ ni. Òun náà á dàgbà, á wá ẹni tí yóò pàṣẹ fún. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìlú àlùwàlá sì ni Ìlọrin. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ là ń fọ ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀. Bó ti wù kéèyàn lówó tó, kò lè rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ ṣe àlùwàlá fún òun. Báwo wá ni ìmọ́tótó ṣe parí sára awọ ara wa, tí ohun tó ṣàn kúrò lára wa wá di ẹrù ẹlòmíràn?

Ìdáhùn tiwa ni pé ẹni tó bá wẹ̀ ni kó fọ ọpọ́n kó tó jáde. Arúgbó àti aláìsàn nìkan ló yẹ ká bá fọ̀ ọ́. Bí ọpọ́n bá ti bù níbì kan, ẹ ha ìpẹtà ojú ibẹ̀ nìkan, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi ọ̀dà tó wà fún un kùn ún. Kí ásíìdì má wọ ibẹ̀ mọ́. Àkísà gbígbẹ kan la óò fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, níbi tí ọwọ́ bàbá àti ìyá ilé yóò ti máa tó o.