Kí Ló Jẹ́ Ti Ayaba Tó Ti Kúrò Láàfin?

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ìbéèrè inú rẹ̀ kò lè wọ̀. Bí obìnrin bá fẹ́ ọmọ ọba, tí ìgbéyàwó náà wá tú, kí ló jẹ́ tirẹ̀ tó lè gbé lọ sọ́jà? Kí ló sì jẹ́ ti ilé tó fi sílẹ̀?

Sarah Ferguson ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n dáadáa, orúkọ Diana lẹ gbọ́ jù. Ní July 23, 1986, Sarah fẹ́ Ọmọọba Andrew, ọmọ Ọbabìnrin Elizabeth, ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì. Wọ́n pínyà ní 1992, ìgbéyàwó náà sì tú pátápátá ní May 1996. Ní August ọdún yẹn kan náà, Ọbabìnrin pàṣẹ pé obìnrin tó bá ti kọ ọmọ ọba sílẹ̀ ò ní jẹ́ "Her Royal Highness" mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi "Duchess of York" sílẹ̀ fún un kó máa fi kún orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Gbèsè ló gbé kúrò nílé ọkọ, ó sì pọ̀. Ló bá dojú kọ iṣẹ́. Ó kọ ìwé nípa ayé ara rẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń polówó Weight Watchers, àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń dín sísanra kù, fún bí ọdún mẹ́wàá. Ó jókòó fún Oprah Winfrey, ó sọ tẹnu rẹ̀. Ní 2011 ó tún ṣe ètò tẹlifíṣàn lórí ìkànnì Oprah yìí kan náà. Ó sì ń kọ ìwé ọmọdé, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bú u pé adé ló ń tà.

Èmi ò bá wọn bú u lórí ìyẹn o. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin ní ọjà tirẹ̀ láti ayébáyé. Ọkọ lè fún un lówó tó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ọjà kì í ṣe ti ọkọ. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn obìnrin ń lọ síbẹ̀ láti kọ ọkọ, owó orí ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n dá padà. Adájọ́ kan ò ní kí obìnrin dá ọgbọ́n tó kọ́ nílé ọkọ padà. Báwo ló ṣe fẹ́ dá a padà? Bó bá kọ́ aró dídá lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, aró náà ti di tirẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ oríkì. Ta ló mọ oríkì ilé jù? Kì í ṣe àwọn ọmọ ilé, àwọn ìyàwó ilé ni. Wọ́n á kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyálé, wọ́n á máa fi kí ọkọ láàárọ̀, wọ́n á máa fi rẹ ọmọ lẹ́kún, títí á fi mọ́ wọn lára ju oríkì ilé bàbá wọn lọ. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá wá kó ẹrù rẹ̀, ṣé a ó ní kó gbàgbé ni? Ọmọ tó bí ṣì ń jẹ́ oríkì yẹn. Bí Sarah bá sọ bí ayé ṣe rí fún un láàfin, tó sì gbowó lórí ìwé tó kọ ọ́ sí, ayé ara rẹ̀ ló sọ. Ó lè má dùn mọ́ àna nínú, àmọ́ tirẹ̀ ni.

Ibi tí mo ti bá a jà ni ti May 2010. Akọ̀ròyìn News of the World kan ṣe bí oníṣòwò olówó, ó lọ bá a pẹ̀lú kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀. Sarah ní kó san £500,000, òun á sì ṣí ọ̀nà fún un dé ọ̀dọ̀ Andrew. Ó gba $40,000 lówó lọ́wọ́ níbẹ̀. Nígbà tí fídíò náà jáde, ó tọrọ àforíjì, ó ní Andrew ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kí ló yàtọ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Apẹ̀tẹ̀bí mọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn babaláwo lóru. Ó mọ ẹni tó sunkún lórí ẹní, ó mọ ohun tí wọ́n ní kó fi rúbọ. Bí òun àti babaláwo bá pínyà, ó lè jókòó kó sọ fún gbogbo ayé pé ọkùnrin yẹn ò fún òun lóúnjẹ. Ó lè ta gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n tà. Ṣùgbọ́n bó bá gbowó lọ́wọ́ ẹnìkan pé òun á mú un dé iwájú ọpọ́n, kí Ifá lè sọ rere fún un, kí ló tà yẹn? Etí ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ni etí ò mọ̀ sí i. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ ni wọ́n sì rẹ́ jẹ.

Ti Andrew tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, torí etí rẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Láti 2001 títí di 2011, òun ni aṣojú ìjọba Bìrìtéènì fún ọ̀rọ̀ ìṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ìlú ni Sarah fẹ́ gbowó lé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ààfin lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rántí oyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n gba èyí tó ní ọlá nínú, wọ́n fi èyí tó ṣeé tà lé e lọ́wọ́, wọ́n wá ń bínú pé ó ń tà á. Ilẹ̀kùn tí wọn ò tì tí wọn ò sì ṣí gbayawu nìyẹn. Àti pé òun àti Andrew tún jọ ń gbé inú Royal Lodge fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti kọra. Ta ló wá fẹ́ mọ ibi tí ilé ọkọ parí sí?

Gbèsè náà ò sì tán. Ní 2011 ó jẹ́wọ́ pé Jeffrey Epstein, tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ tó kan ọmọdé ní Amẹ́ríkà, bá òun san £15,000 nínú rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì fáráyé, ó ní òun ò ní bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Ní September 2025 ni lẹ́tà íméèlì kan jáde, tó fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ó tún kọ̀wé bẹ Epstein, ó ń pè é ní ọ̀rẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú já a sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn nìyí: kì í pẹ́ kí òun náà tó di ẹni tí wọ́n ń rà.

Ní October 2025, Andrew kéde pé òun ò ní lo oyè Duke of York mọ́. Bí ti Sarah náà ṣe bá a lọ nìyẹn, lẹ́yìn ogójì ọdún ó dín ọ̀kan. Ferguson, orúkọ bàbá rẹ̀, ló kù. Ó ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 2021, Her Heart for a Compass, lórí obìnrin kan láyé Ọbabìnrin Victoria, Lady Margaret Montagu Douglas Scott, tó jẹ́ ìran tirẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ wọ́n kọ "Duchess of York" sára èèpo ẹ̀yìn ìwé náà. Ó wù mí kí n rí bí ìwé rẹ̀ tó ń bọ̀ á ṣe tà, bó bá jẹ́ Sarah Ferguson nìkan ló wà lára rẹ̀.