Ta Ni Ó Jẹ̀bi Iná Tí Ó Kọjá Ààlà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ṣòro láti gbà, nítorí pé ẹni tí ó ni òrùlé náà ni iná yóò kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tiná bọ oko ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì gbé iná náà lọ sí oko ẹlòmíràn, ta ni kí a dá lẹ́bi? Ṣé ẹni tí ó tiná bọ oko ni, tàbí afẹ́fẹ́? Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lè rẹ́rìn-ín pé mo ń sọ̀rọ̀ iná níbẹ̀. Ilẹ̀ olómi ni ilẹ̀ wa. Láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, ẹ óò rí ẹrọ̀fọ̀ tí ògùrọ̀ ń hù nínú rẹ̀, òjò sì ń rọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, iná ni a fi ń jẹun. Pupuru tí a fi ń yangàn, orí àjà ni a ti ń fi iná àti èéfín yan án gbẹ. Bí àgbẹ̀ bá sì ti ṣán igbó tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ni yóò fi sun ún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, eérú rẹ̀ a sì di ọ̀rá fún ilẹ̀. Ta ni yóò wí fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé iná kò dára?

Ọdún 1983 ni mo kọ́kọ́ rí i bí iná ti ń di ọ̀tá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọyẹ́ tí kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa jókòó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé mọ́. Ewé tí ó yẹ kí ó tutù ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan sun oko wọn ní àkókò tí àwọn bàbá wa ti máa ń sun oko. Iná náà fo ààlà, ó sì wọ oko kòkó ìyá opó kan tí oko rẹ̀ kángun sí ti wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti di eérú.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ọ̀dá mú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún náà, iná sì jó oko kòkó púpọ̀ ní Gánà, níbi tí àwọn tí ìjọba Nàìjíríà lé ní oṣù Kìíní ọdún 1983 ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí. Ìkórè kòkó Gánà, tí ó ti lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù ní 1964/65, wálẹ̀ dé nǹkan bí 159,000 ní 1983/84. Iná nìkan kọ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Gánà ṣe òfin lórí iná ìgbẹ́.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú àwọn àgbà, ohun mẹ́ta ni àbúrò bàbá mi wí: "Ẹ̀yin bàbá mi, n kò gbèrò ibi sí ìyá yìí. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é ni mo ṣe é. Èmi kọ́ ni mo sì ni ọyẹ́."

Èkínní, òótọ́ ni pé wọn kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn kò ṣe ìkà. Síbẹ̀ ọmọ ń sunkún, ó sì yẹ kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ gbé e. Àìgbèrò ibi a máa mú orúkọ ìkà kúrò lára ènìyàn, kì í mú gbèsè kúrò.

Èkejì ni ti àṣà. Àwọn bàbá wa kì í ka ọjọ́ lásán. Wọn a wo ewé, wọn a wo afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó ní àkókò tó. Ẹni tí ó di ọjọ́ náà mú, tí kò wo ojú ọjọ́ mọ́, èèpo àṣà ni ó mú lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Kò sẹ́ni tí ó ni ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná jó ìlú Paradise ní Kalifóníà, ènìyàn 85 sì kú. Ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ sì le. Síbẹ̀ okùn iná mànàmáná Pacific Gas and Electric ni iná náà ti ṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà níwájú adájọ́ ní 2020 pé òun jẹ̀bi ikú ènìyàn 84. Ẹni tí kò ni afẹ́fẹ́ lè ni ìṣáná. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti le jù, ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí olówó ìṣáná ṣọ́ra jù.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn ènìyàn ńlá ti mú gbogbo ayé gbóná: èédú tí wọ́n sun, epo tí wọ́n sun, gáàsì tí wọ́n ń jó dànù ní agbègbè Niger Delta láti ìgbà tí a ti ń wa epo. Ṣé àgbẹ̀ tí ó ní páálí ìṣáná kan ni yóò ru ẹ̀bi ayé? Rárá o. Ẹrù wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ, kí wọ́n rù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ńlá kì í gbé ẹ̀bi kékeré mì. Bí a bá ní kí opó náà lọ bá àwọn aláṣẹ òkèèrè gba kòkó rẹ̀, a ti jà á lólè lẹ́ẹ̀kejì.

Àwa tí a kàwé náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń kéde bí òjò yóò ti rọ̀ àti bí ẹ̀ẹ̀rùn yóò ti rí. Mélòó nínú wa ni ó ti sọ ọ́ fún àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ẹni tí ó mọ̀ tí kò wí ti jẹ nínú ẹ̀bi náà.

Àwọn àgbà kò bu owó ìtanràn lé àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní kí àwa ẹbí gbin kòkó tuntun sí oko ìyá náà, kí a sì máa ro ó títí yóò fi so. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má sun oko mọ́ láìjẹ́ pé òun àti aládùúgbò rẹ̀ ti ro ààlà mọ́ ná. Mo bá wọn ro oko náà. Títí àbúrò bàbá mi fi kú, wọ́n gbà pé a rẹ́ wọn jẹ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò tún tiná bọ oko kan láì kọ́kọ́ rán mi sí ìyá náà pé, "Sọ fún wọn pé a fẹ́ sun oko o. Kí ni wọ́n rí sí afẹ́fẹ́ yìí?"