Ẹ̀tọ́ Ọmọ Tí Ó Ní Down Syndrome Láàrin Àwùjọ Mùsùlùmí

 

Anas ọmọ Málíkì gba ọ̀rọ̀ kan wá, tí ó wà nínú àkójọ hádíìsì Muslim, nípa obìnrin kan tí làákàyè rẹ̀ kò pé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí wá bá Ànábì pé òun ní bùkátà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì kò lé e, kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Ó ní kí ó yan òpópónà tí ó bá wù ú, ó sì dúró tì í níbẹ̀ títí tí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Àwọn oníwàásí a máa fi hádíìsì yìí ṣe ẹ̀rí ìrẹ̀lẹ̀ Ànábì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà: obìnrin náà ni ó yan ibi tí wọn yóò ti sọ̀rọ̀, ojú pópó sì ni, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Nàìjíríà. Bí àlejò bá dé, wọ́n a yára gbé ọmọ tí ó ní Down syndrome wọ yàrá. Àgbò ìsọmọlórúkọ rẹ̀ pàápàá, bòńkẹ́lẹ́ ni àwọn mìíràn ń pa á. Àwọn kan ní èmèrè ni. Àwọn ará ilé ọkọ a sì máa bi ìyá léèrè ohun tí ó jẹ tàbí ibi tí ó rìn dé nígbà tí ó lóyún.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Dókítà John Langdon Down ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpèjúwe ipò náà ní 1866. Ní 1959, Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé kúrómósómù kọkànlélógún ni ó di mẹ́ta dípò méjì, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ 47 dípò 46. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí oyún tó dúró rárá ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ kò fà á, èpè kò fà á. Lóòótọ́, ó ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ìyá bá ti kọjá 35, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìyá náà ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ tí ó bá tìtorí rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ ti ṣe àbòsí.

Áfáà tí ó bá sì gba owó pé hàntú òun yóò yí ọmọ náà padà, irọ́ ni ó tà. Àdúà kò burú. Ta ni kò nílò rẹ̀? Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àléébù nínú ọkàn, etí àwọn mìíràn kì í sì í gbọ́ràn dáadáa. Owó hàntú yẹn ni ìbá san owó àyẹ̀wò ọkàn nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe.

Ti ogún ni ó tún le jù. Lójú àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn, láti ìgbà tí wọ́n ti bí ènìyàn láàyè ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti pé. Ojúṣe nìkan ni ó ń tẹ̀lé òye. Nítorí náà, ìpín ọmọ yìí nínú ogún bàbá rẹ̀ kò dín ní kọ́bọ̀. Ní mazhab Málíkì, tí ó gbilẹ̀ jù ní ilẹ̀ yìí, alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ yọ sàká nínú dúkìá rẹ̀ bí ó bá pé iye; báwo ni wọn yóò ṣe yọ sàká nínú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ẹsẹ karùn-ún nínú Súrà Nisáì pàṣẹ pé kí wọ́n bọ́ ẹni tí òye rẹ̀ kò tó láti ṣàkóso owó, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìkẹyìn yìí ni àwọn alágbàtọ́ sábà máa ń gbàgbé.

Àwọn ilé kéú kan ń fi hádíìsì tí ó mú ìjìyà kúrò fún ẹni tí kò ní làákàyè lé ọmọ náà sílé. Wọ́n ṣì í lò. Àánú ni hádíìsì náà, kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì. Púpọ̀ nínú wọn lè kọ́ Fátíhà bí olùkọ́ bá ní sùúrù, tí ó ń tún un sọ díẹ̀díẹ̀.

Kálífà Al-Walid ọmọ Abdul-Malik, tí ó jọba láti 705 sí 715, ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fún afọ́jú ní ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, oṣù kìíní 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀. Ìgbìmọ̀ sàká mọ́ṣáláṣí kò nílò láti dúró de ìjọba kí ó tó wádìí ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, kí ó sì ran àwọn aláìní nínú wọn lọ́wọ́ láti dé ọsibítù. Láti 2012 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ 21 oṣù kẹta sọ́tọ̀ fún wọn; Lémọ́ọ̀mù lè fi kútúbà Jímọ̀ tí ó bá sún mọ́ ọjọ́ náà sọ ọ̀rọ̀ wọn.

Bí ọmọ náà bá sì pariwo nínú sàfù ńkọ́? Ànábì a máa gé ìrun kúrú nígbà tí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, kí ọkàn ìyá rẹ̀ má baà dàrú. Kò ní kí wọ́n gbé e jáde.