Ta Ló Ni Àdúrà Ilé?

Ìbéèrè kan ò fi mí sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní FUT Minna: ṣé bàbá lè fi ìgbàgbọ́ ilé rẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́, kí ó ní owó ilé-ìwé tí òun ń san ti tó?

Bí ilé wa ní Bosso ṣe rí nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á fi ọkọ̀ gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì yí padà. Ìyá mi nìkan ló ń darí Rósárì alẹ́. Nígbà tí mo dé ọdún kejì ní yunifásítì, mo pa Mísà tì. Ìyá mi bi mí léèrè ìdí. Mo ní, "Mà, ṣebí Dádì náà kì í lọ." Bàbá mi wà ní pálọ̀, wọ́n gbọ́. Wọn ò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wá kúnlẹ̀ tì wá, wọ́n ń ṣi àdúrà gbà.

Póòpù John Paul Kejì kò tíì pé ọmọ ọdún 9 nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1929. Ó sọ pé òun máa ń jí lóru bá bàbá òun lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tó rí ló kọ́ ọ, kì í ṣe ìwàásù. Jósẹ́fù Mímọ́ náà, Ìhìnrere kò kọ gbólóhùn kan tó sọ sílẹ̀, síbẹ̀ òun ló dìde lóru, tó gbé Ọmọ náà lọ sí Íjíbítì.

Ẹnìkan lè ní: Móníkà ńkọ́? Òtítọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ kò di Kristẹni títí ó fi kù díẹ̀ kó kú, síbẹ̀ Ọlọ́run gbọ́ ẹkún ìyá lórí Ọ̀gọ́sítínì. Èyí fi hàn pé àìsí bàbá níbi àdúrà kì í ṣe àwáwí fún ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn: mo fi àléébù bàbá mi bo ọ̀lẹ tèmi. Ṣùgbọ́n pé ìyá lè dá ẹrù gbé kò sọ pé kí bàbá ju ẹrù sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin àárín wa, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ ò bá mọ àdúrà náà dáadáa, ẹ ṣáà kúnlẹ̀. Àdúrà tí bàbá mi ṣì gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló dá mi padà sí Mísà.