Ta Ni À Ń Ra Ohun Èlò Fún?

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ní apá ọ̀nà Ikpinlè, a ní kòtò ẹja méjì tí a fi sìmẹ́ńtì mọ sí ẹ̀yìn ilé. Ẹja àrọ̀ wà nínú ọ̀kan, epìyà wà nínú èkejì. Nígbà tí a ta epo pupa tán lọ́dún tó kọjá, owó díẹ̀ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa, a sì pinnu láti fi ra ohun èlò tuntun fún àwọn ẹja náà. Ibẹ̀ ni ìjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí a rò pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan sì di ọ̀rọ̀ ìwà mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbúrò wa kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ni ó dá a sílẹ̀ nígbà tí ó wá kí wa. Òun kì í sin ẹja fún jíjẹ. Iyùn ni ó ń sìn, nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ iyùn lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò rò ó rí pé egungun ohun abẹ̀mí ni. Iyùn pupa tí à ń so mọ́rùn máa ń wá láti Òkun Mẹditaréníà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ìbátan rẹ̀ tí àbúrò wa ń sìn yàtọ̀: inú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó ti wá, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì gbára lé, nítorí ewéko tíntìntín kan tí ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀ ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un.

Àbúrò ka ohun èlò rẹ̀ fún wa títí ó fi rẹ̀ wá: iná tí ń ṣe bí oòrùn, ẹ̀rọ tí ń ru omi bí ìgbì, ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí jáde, èyí tí ń mú omi gbóná. Ọdọọdún ni ó ń pààrọ̀ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, iná tí mo rà kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi ló ní irú rẹ̀ tí ó wù mí. Ó mọ́lẹ̀ jù. Iyùn méjì funfun báláú, wọ́n sì kú.»

A bi í léèrè bóyá iyùn náà bẹ̀ ẹ́ fún iná. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀pọ̀ ohun èlò ni ń mú iyùn yè. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Indonéṣíà, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan nípa bí ó ṣe ń fi omi òkun, òkúta inú òkun tí ẹ̀dá kéékèèké ń gbé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ìhó afẹ́fẹ́ díẹ̀ sin àwọn ẹ̀dá òkun. Ní Monaco, Jean Jaubert lo iyanrìn tó nípọn, ó fi àyè omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú iyanrìn náà fọ omi mọ́. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ wo ohun tí òkun ń ṣe kí wọ́n tó wo ọjà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àìní ni à ń yìn. Ní ìwọ̀-oòrùn wa, ní àfonífojì odò Wèmè, ní Bonou àti Adjohoun, àwọn ènìyàn máa ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n ń pè ní whédo. Bí odò bá kún, ẹja á wọ inú rẹ̀; bí omi bá fà, ẹja á kù síbẹ̀. Odò ni ó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Sìmẹ́ńtì tiwa kò ní odò. Odò ni ń gbé èémí wá, òun ni ń kó ìgbẹ́ lọ, òun ni ń mú ara ẹja tutù; ọjọ́ tí a da ẹja sínú kòtò yẹn, ọrùn wa ni iṣẹ́ náà bọ́ sí.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún méjì ṣáájú, a ti ra ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi epìyà. Ó dára púpọ̀. Nígbà tí a rí i pé ó dára, a sọ iye ẹja di ìlọ́po méjì. Ní òru ọjọ́ kan iná lọ, gbogbo wa sì ń sùn. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní 30 °C, lítà omi kan kò lè gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù 7,5 lọ, nígbà tí ó lè gba nǹkan bí 9 ní 20 °C. Ewéko inú omi pàápàá ń mí ní òru, ó ń bá ẹja pín èyí tó wà. Ìdí nìyẹn tí ìdájí fi le jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epìyà ti léfòó, ikùn wọn funfun lójú omi. Àrọ̀ nínú kòtò kejì ń yọ ẹnu sókè, wọ́n wà láàyè, nítorí wọ́n ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbá tí wọ́n fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ìyá wa kó àwọn òkú ẹja sínú agbọ̀n láìsọ̀rọ̀. A kò lè jẹ wọ́n.

Kí a tó ra ẹ̀rọ náà, iná ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja kankan kò kú. Ẹ̀rọ tí a pè ní ìrànlọ́wọ́ fún ẹja, àyè ni a fi ṣe fún ojúkòkòrò wa. Kò dín gbèsè tí a jẹ wọ́n kù, ṣe ni ó jẹ́ kí a jẹ sí i.

Ẹnì kan nínú ilé sọ pé ẹja ni ẹja, ìkòkò ọbẹ̀ ni òpin rẹ̀, kí ni à ń bá a ro ìwà sí. A bi í bóyá àgbò tí yóò kú ní ọjọ́ Iléyá ni a lè fi ebi pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbà pé rárá. Ọ̀rọ̀ ti àbúrò wa ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ: òun kì í jẹ iyùn rẹ̀, kì í tà á, ó kàn ń wò ó ni. Àwọn kan ní ojúṣe rẹ̀ fúyẹ́, nítorí eré ni. Lójú tiwa, ó wúwo jù, nítorí àìní kankan kò sí tí ó lè fi ṣe àwáwí.

Bátìrì kan àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ ni a fi owó epo rà, a sì dín iye epìyà kù. Àrọ̀ kò rí nǹkan tuntun gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn àlejò máa ń bèèrè. Àbúrò wa ránṣẹ́ pé òun ti gbé iná òun ga sókè, ṣùgbọ́n òun ṣì ń wo òmíràn lọ́jà. Owó díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ ń fẹ́ kí a fi ra iná sí orí kòtò, kí wọ́n lè máa rí ẹja ní alẹ́, ìyá wa sì ní ẹja náà fẹ́ràn òkùnkùn. A kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.