Wọ́n Ń Sin Ẹni Tí Kò Yáwó Lówó

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Ìgàndò ni kì í dé báńkì kó tó yáwó mọ́. Orí áàpù inú fóònù ni wọ́n ti ń yá a. Wọn á kọ orúkọ, wọn á fi BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, sí i, owó á sì dé. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, áàpù náà lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù. Ẹni tí ìnáwó ká mọ́ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á tẹ "Allow".

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan ṣe yáwó lọ́wọ́ Soko Lending Company, àwọn tó ni áàpù Sokoloan. Ọjọ́ ìsanwó pé, owó inú àkáǹtì rẹ̀ kò tó. Ni ilé-iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Ológò, ẹni tó ń báni sin gbèsè láyé àtijọ́, pàápàá, tòun ti gbogbo èébú ẹnu rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ló ń jókòó sí. Àwọn wọ̀nyí ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yáwó.

Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2019, àwọn lọ́yà ẹni tó yáwó náà kọ̀wé ẹ̀sùn sí NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdáàbòbò dátà nígbà náà. Àjọ náà wádìí, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ń yọ lẹ́nu kò sí nínú àdéhùn owó náà, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lo nọ́ńbà wọn. Wọ́n tún rí i pé áàpù náà ń kó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà fún ẹlòmíì láìsọ fún wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Lójú tèmi, nǹkan tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ "Allow" fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Nọ́ńbà ìyá ìyàwó rẹ kì í ṣe ohun ìdúró fún gbèsè rẹ.

Òfin ti le sí i láti ìgbà náà. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o. Bí ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì bá rú u, ó lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ 2024, NDPC ní kí Fidelity Bank san mílíọ̀nù 555.8 náírà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fi ìsọfúnni ẹnìkan ṣí àkáǹtì láìgbàṣẹ. Báńkì náà ní àwọn kò jẹ̀bi.

Kì í ṣe ayánilówó àti báńkì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: òfin náà kò yọ kílíníìkì, láàbù àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn ènìyàn wà lára ohun tó ní kí a ṣọ́ jù. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ràgàjì tó máa ń ṣí sílẹ̀ lórí káńtà: obìnrin tó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ á ti rí orúkọ aládùúgbò rẹ̀ lókè, nọ́ńbà rẹ̀, àti àyẹ̀wò tó wá ṣe. Ẹ̀yin tó ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ pa á dé. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo máa kọ ọ́, kí ó sì wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ìsọfúnni oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́nà tó lè pa á lára, wákàtí 72 péré lẹ ní láti fi tó NDPC létí, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ẹni náà bí ewu rẹ̀ bá pọ̀.