Níbo ni ẹbọ ń lọ?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bátìrì inverter ilé mi kú. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ra bátìrì kọ̀ńdẹ̀mù ládùúgbò wa ló wá rà á. Kó tó gbé e sórí ọmọlanke, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó da omi bátìrì inú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́. Èmi ń wò ó. Mo ti gbowó, n kò sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi dọ̀bálẹ̀, kò gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ tí à ń ta omi tútù sí láràárọ̀, ṣé òun náà la tún fún ní omi yẹn mu?”

N kò rí èsì fọ̀. Kànga wa kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀bi ta ni? Mo kọ́kọ́ fẹ́ di í ru ọmọ ọlọ́mọlanke. Ṣùgbọ́n kí lòun mọ̀? Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Wọn ò yọ babaláwo sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ká ní mo dá a dúró, ibo ni ǹ bá gbé òkú bátìrì náà lọ? Ààtàn ni? Òjé ló ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ. Òjé kì í jẹrà. Bó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ló ń bà jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Ifá, ẹ mọ̀ pé bí a bá rúbọ fún ẹnìkan, iṣẹ́ ò tíì parí. A ní láti bi Ifá pé níbo ni ẹbọ ń lọ. Ṣé oríta ni, àbí etí odò, àbí ìdí ọ̀pẹ? Awo tó gbowó ẹbọ tán, tó wá ní “gbé e síbi tó bá wù ọ́,” ṣé awo nìyẹn? Ohun tí ilé-iṣẹ́ bátìrì ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Òun ló mọ ohun tó kó sínú rẹ̀, òun ló jèrè rẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n.

Kì í ṣe àlá o. Lọ́dún 1990, Thomas Lindhqvist ní Sweden gbé èrò yìí kalẹ̀: ẹni tó ṣe ọjà ni kó ru ẹrù rẹ̀ dópin. Ní Jámánì, dandan ni kí ẹni tó ń ta bátìrì gba èyí tó ti kú padà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ra ti mọ́tò láìdá ògbólógbòó padà, wàá fi 7.50 euro ṣe ìdógò. Nílé wa níbí, òfin NESREA lórí ohun èlò oníná gbé irú ẹrù yìí lé ẹni tó ń ṣe wọ́n àti ẹni tó ń kó wọn wọlé. Òfin wà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà mi, ọlọ́mọlanke nìkan ni mo rí.

Àwọn kan á ní ọjà á gbówó lórí. Òótọ́ ni. Àmọ́ gbèsè náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kànga ló ń san án, ọmọ aládùúgbò tí bàbá rẹ̀ ò ra bátìrì rí ló ń san án. Kí ẹni tó jèrè àti ẹni tó lò ó san án ló tọ́.

Èmi náà ò sì gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́. Mo ti ní ká má mu omi kànga náà mọ́. Nígbà tí mo bá tún fẹ́ ra bátìrì, kí n tó sanwó, màá bi ẹni tó ń tà á pé: “Níbo ni òkú rẹ̀ ń lọ?” Bí kò bá lésì, kó gbé ọjà rẹ̀.

Lánàá, mo gbé ọkọ́, mo ní kí n wa erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn kúrò. Ọmọ awo mi tún rọra bi mí pé, “Bàbá, ẹ ó kó o lọ síbo?”

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ ká dalẹ̀. Àṣẹ.